Iná Mélòó Ló Ń Jó Nínú Ilé Yín?

Ẹ jẹ́ kí á jọ ka iná. Mi ò sọ ti iná mànàmáná o, iná tó ń jó ni mo ń wí. Láti aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ títí di ìgbà tí àwọn ará ilé bá sùn, iná mélòó ló ń jó nínú ilé kan ní Ìbàdàn, ní Òṣogbo tàbí ní Mushin? Èyí tó wà nídìí ìkòkò ni àkọ́kọ́: ó lè jẹ́ igi, ó lè jẹ́ èédú, sítóòfù tàbí gáàsì. Bí iná ìjọba bá ti lọ, ti inú jẹnẹrétọ̀ di èkejì, nítorí ẹ̀rọ náà ò lè ṣiṣẹ́ kankan láì jẹ́ pé ó ń jó epo. Kọ́ìlì ẹ̀fọn tí wọ́n tàn sí kọ̀rọ̀ yàrá di ẹ̀kẹta. Àbẹ́là tàbí tùràrí àdúrà di ẹ̀kẹrin. Bí bàbá ilé bá wá ń mu sìgá, ìyẹn di ẹ̀karùn-ún. Ilé kan ṣoṣo, iná márùn-ún, imú àwọn tó wà níbẹ̀ sì ni gbogbo èéfín wọn ń kọ́kọ́ gbà. Bí àlejò bá fẹ́ dé, a ó fọ́n lọ́fínńdà sí pálọ̀, a ó ní ilé wa ń ta sánsán.

Ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ lálẹ́ òní ò ju ẹyọ kan lọ. Afẹ́fẹ́ inú ilé kì í dára nítorí ohun tí a fi kún un. Ohun tí a bá yọ kúrò nínú rẹ̀ ló ń tún un ṣe. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Ní nǹkan bí ọdún 1858, oníṣègùn ará Jámánì kan, Max von Pettenkofer, tó ń kọ́ni ní Munich, ṣèwádìí lórí afẹ́fẹ́ inú yàrá. Ó kọ́ àwọn ènìyàn pé bí òkìtì ìgbẹ́ bá wà nínú yàrá, kí wọ́n má wulẹ̀ máa ṣí fèrèsé nítorí òórùn rẹ̀, kí wọ́n kó ìgbẹ́ náà jáde ni. Fèrèsé wúlò, n ó sì padà sórí rẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí ó gba èémí àti ooru ara wa jáde. Bí a bá ní kí ó tún máa bá wa kó èéfín iná márùn-ún, a ti di ẹrù tó pọ̀ ju agbára rẹ̀ lọ rù ú.

Kí ló wà nínú èéfín tó fi yẹ kí á sá fún un? Dúdú tí a ń rí lára ògiri kọ́ ló burú jù níbẹ̀. Èyí tó burú jù ni eruku tí ojú ò lè rí, tó kéré débi pé nǹkan bí ọgbọ̀n wọn ló máa tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kí wọ́n tó fẹ̀ tó fọ́nrán irun orí kan. Eruku ńlá máa ń há sínú imú, a ó sín, a ó fun un dànù. Eléyìí kì í há. Ó ń gba ọ̀fun kọjá, ó ń dé ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró níbi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń gba èémí, àwọn tó sì kéré jù nínú wọn ń bá ẹ̀jẹ̀ lọ. Ìdí nìyí tí èéfín kì í fi mọ sí àyà nìkan, tó ń ṣe ọkàn àti ọpọlọ níjàǹbá. Ní ọdún 2021, Àjọ Ìlera Àgbáyé là á kalẹ̀ pé láàárín wákàtí 24, kò yẹ kí irú eruku bẹ́ẹ̀ ju máíkírógíráàmù 15 lọ nínú afẹ́fẹ́ kúbíìkì mítà kan. Àjọ kan náà sọ pé nínú ilé tí èéfín ò ti rọ́nà jáde dáadáa, ó lè fi ìlọ́po 100 ju ohun tó yẹ lọ. Wọ́n ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2020, èéfín inú ilé ṣokùnfà ikú ènìyàn mílíọ̀nù 3.2 káàkiri ayé, àwọn ọmọ tó lé ní 237,000 tí ò tíì pé ọdún márùn-ún sì wà lára wọn. Àrùn ọkàn ló pa èyí tó pọ̀ jù, rọpárọsẹ̀ ló tẹ̀lé e. Nígbà tí ìyá àgbà kan bá ṣubú lójijì, ẹ̀jẹ̀ ríru la máa ń dárúkọ, tàbí kí á ní ayé ló ṣe é. Ṣàṣà ni ẹni tó ń béèrè irú afẹ́fẹ́ tó ti fi ogójì ọdún mí nídìí ààrò.

Ẹlòmíràn á ní, “Igi ni ìyá mi fi dáná títí ó fi lé ní ọgọ́rin ọdún, kò sì ṣe é ní nǹkan kan.” Mo gbà pé irú àwọn àgbà bẹ́ẹ̀ wà. Ṣùgbọ́n ẹni tó yè ló ń rí ẹnu sọ̀tàn. Àwọn ọmọ ọwọ́ tí òtútù àyà mú lọ nínú agbo ilé kan náà ò sí níbẹ̀ láti jẹ́rìí, bẹ́ẹ̀ sì ni Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé èéfín inú ilé ló wà nídìí 44 nínú ọgọ́rùn-ún ikú tí òtútù àyà ń fà fún àwọn ọmọ tí ò tíì pé ọdún márùn-ún. Ẹ tún wo ibi tí ìyá náà ti dáná. Ẹ̀yìnkùlé ni, tàbí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó kọjú sí àgbàlá, lábẹ́ òrùlé koríko tó ń jẹ́ kí èéfín rí ojú ihò yọ́ jáde. Ẹ wá fi ìyẹn wé ilé tí a mọ̀ sí “face-me-I-face-you”: yàrá mẹ́wàá, ọ̀nà tóóró kan láàárín wọn, páànù lókè, àjà lábẹ́ páànù, sítóòfù sì wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá kọ̀ọ̀kan. A gbé ìdáná àwọn ìyá wa wá sínú ilé tí kì í ṣe irú tiwọn, a sì ń retí pé kí ó ṣe wá bí ó ti ṣe wọ́n. Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé kẹrosíìnì ti yọ òun nítorí pé èéfín rẹ̀ ò nípọn bíi ti igi. Láti ọdún 2014 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ń gba àwọn orílẹ̀-èdè níyànjú pé kí wọ́n má ṣe máa lo kẹrosíìnì nínú ilé. Ọmọ tí ìyá pọ̀n sẹ́yìn nídìí sítóòfù bẹ́ẹ̀ ń mí ohun tí ìyá rẹ̀ ń mí, ó sì ń mí in kíákíá ju àgbàlagbà lọ, sínú ẹ̀dọ̀fóró tí kò tíì gbó.

Ìbàdàn wa níbí ni ọ̀kan lára àwọn ẹ̀rí tí mo gbára lé ti wá. Láàárín ọdún 2013 sí 2015, àwọn olùṣèwádìí láti Yunifásítì Ìbàdàn àti Yunifásítì Chicago kó aláboyún 324 jọ, àwọn tó ń fi kẹrosíìnì tàbí igi dáná. Wọ́n pín wọn sí ọ̀nà méjì bí ẹni ṣẹ́ kèké, kí ẹnikẹ́ni má baà lè ṣojúsàájú. Wọ́n fún apá kan ní sítóòfù tó ń jó ethanol, ìyẹn ọtí líle tí a lè fi ìrèké tàbí ẹ̀gẹ́ ṣe. Apá kejì ń bá ìdáná wọn àtẹ̀yìnwá lọ. Nígbà tí oyún ń lọ sópin, 6.4 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó dúró sórí ìdáná àtijọ́ ni ẹ̀jẹ̀ wọn ti ń ru. Láàárín àwọn tó gba sítóòfù tuntun, 1.9 péré ni. Ẹni tó bá mọ ohun tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń fi ojú aláboyún rí nílẹ̀ yìí ò ní fojú kékeré wo ìyàtọ̀ yẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn obìnrin tí wọ́n yẹ̀ wò ò pọ̀.

Ẹ̀rí mìíràn wà tí kò tì mí lẹ́yìn, kò sì yẹ kí n fi í pamọ́ fún yín. Wọ́n ṣe ìwádìí tó tóbi ju ti Ìbàdàn lọ dáadáa ní Guatemala, India, Peru àti Rwanda. Aláboyún bíi 3,200 ló kópa, wọ́n sì fún ìdajì wọn ní sítóòfù gáàsì àti gáàsì rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Nígbà tí èsì jáde ní ọdún 2022, eruku tí àwọn tó ń lo gáàsì ń mí jẹ́ nǹkan bí máíkírógíráàmù 24, ti àwọn yòókù jẹ́ nǹkan bí 70. Síbẹ̀, ìwọ̀n ọmọ tí àwọn tó gba gáàsì bí ò yàtọ̀ sí ti àwọn yòókù. Ní Malawi pẹ̀lú, wọ́n pín ààrò onígi tí èéfín rẹ̀ kéré, wọ́n sì rí i ní ọdún 2017 pé òtútù àyà àwọn ọmọdé ò dín kù. Àwọn kan ti tìtorí èyí sọ pé kí á fi ọ̀rọ̀ ìdáná sílẹ̀. Èmi ò rí i bẹ́ẹ̀. Igi ṣì ni wọ́n fi ń dáná ní Malawi. Wọ́n dín èéfín kù, wọn ò yọ ọ́ kúrò. Ní orílẹ̀-èdè mẹ́rin yẹn, 24 ṣì ju 15 lọ, oyún ibòmíràn sì ti fẹ́ẹ̀ pé oṣù márùn-ún kí gáàsì tó dé. Nítorí náà, mi ò ní ṣèlérí fún aláboyún kankan pé gáàsì nìkan yóò mú kí ọmọ rẹ̀ wúwo. Ohun tí mo rí kọ́ nínú ìwádìí wọ̀nyí ni pé ẹni tó pa iná kan nínú márùn-ún, tó fi mẹ́rin sílẹ̀, ò tíì tún afẹ́fẹ́ ilé rẹ̀ ṣe.

Owó gáàsì ńkọ́? Ìbéèrè yìí wúwo, pàápàá fún ìyá tó ń ra èédú olówó kékeré lójoojúmọ́ nítorí pé kò lè rí owó sìlíńdà kan kó jọ lẹ́ẹ̀kan. Mi ò ní wí pé kí ó lọ jí owó. Ṣùgbọ́n ẹni tí igi tàbí èédú jẹ́ dandan fún ṣì lè yọ èéfín kúrò nínú ilé: kí ó gbé ààrò síta, sábẹ́ àtíbàbà tí kò ní ògiri, kí igi rẹ̀ gbẹ dénú, kí ó rẹ ẹ̀wà sómi mọ́jú kí ó tó sè é, kí ó dé ìkòkò, kí ó sì sọ ọmọ kalẹ̀ fún ẹlòmíràn títí oúnjẹ yóò fi jinná. Bí òjò bá lé e wọlé, kí ó má ṣe gbé èédú tẹ̀lé ara rẹ̀. Nítorí èédú tó ti rẹ̀, tí kò rú èéfín mọ́, ṣì ń tú afẹ́fẹ́ olóró jáde. Ẹni tó ní gáàsì díẹ̀ lè fi í se ohun tó yára jinná nínú ilé, kí ó gbé èyí tó máa pẹ́ lọ síta. Ní ti ẹ̀rù pé gáàsì máa ń bú gbàmù, ẹ̀rù náà tọ́, ìtọ́jú ló sì ń fẹ́. Kí sìlíńdà wà lóde ògiri, kí á fi ìfófó ọṣẹ pa ojú rọ́bà rẹ̀: bí ó bá ń ru pùtù, ó ń jò nìyẹn. Òórùn gáàsì tí ẹ ń gbọ́ yẹn kì í ṣe tirẹ̀, àwọn tó ń ṣe é ló fi sí i kí ó lè kéde ara rẹ̀ bí ó bá ń jò.

Èéfín jẹnẹrétọ̀ ò ní irú akéde bẹ́ẹ̀. Ibí ni mo ti fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi jù, nítorí èéfín ìdáná máa ń gba ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó pa ènìyàn, òru ọjọ́ kan sì tó ti jẹnẹrétọ̀. Afẹ́fẹ́ olóró tó ń gba ẹnu paipu rẹ̀ jáde ni wọ́n ń pè ní carbon monoxide. Kò láwọ̀, kò lóòórùn, kì í ta ojú, kì í mú ikọ́ wá. Bí a bá mí in sínú, ó ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ níbi tó yẹ kí ọ́síjìn wà, agbára tó sì fi ń lẹ̀ mọ́ ọn ju ti ọ́síjìn lọ ní ìlọ́po tó lé ní 200. Ẹ̀jẹ̀ ń yí ara po, kò sì rí ohun tí ara ń fẹ́ gbé. Orí á máa fọ́ ènìyàn, òyì á máa kọ́ ọ, èébì á máa gbé e, òun á rò pé ibà ni. Á lo oògùn ibà, á lọ sùn. Ẹni tó ti sùn ò tilẹ̀ ní mọ̀ pé orí ń fọ́ òun. Nígbà tí wọ́n bá jálẹ̀kùn lọ́jọ́ kejì, àwọn ará àdúgbò á ní ọwọ́ ayé ni, torí báwo ni bàbá, ìyá àti ọmọ yóò ṣe sùn tí ẹnì kan ò ní jí? Ó ń dunni gan-an, nítorí kò sí ohun tó pa wọ́n ju ibi tí wọ́n gbé ẹ̀rọ sí. Ẹ fi èyí sọ́kàn: bí orí bá ń fọ́ ènìyàn méjì mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà nínú ilé, tí ara sì tù wọ́n nígbà tí wọ́n bọ́ síta, ibà kọ́ nìyẹn. Ẹ pa ẹ̀rọ, kí gbogbo yín jáde, kí ẹ sì lọ sílé ìwòsàn.

Àwọn kan gbà pé bí fèrèsé bá ti ṣí, ewu ti tán. Bí ẹ̀rọ bá wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí lábẹ́ fèrèsé, ojú fèrèsé yẹn gan-an ni èéfín rẹ̀ ń gbà wọlé. Àwọn aláṣẹ ìlera ní Amẹ́ríkà ní kí ó jìnnà sí ilé tó mítà 6, ó kéré tán, kí ẹnu paipu rẹ̀ sì kọ ẹ̀yìn sí ibi tí ènìyàn wà. Mo mọ èsì tí ẹ ó fún mi: olè. Mo mọ èkejì náà: mítà 6 sí fèrèsé mi lè jẹ́ mítà 2 péré sí fèrèsé aládùúgbò. Òótọ́ ni méjèèjì, ìdí sì nìyẹn tí ọ̀rọ̀ jẹnẹrétọ̀ kò fi ṣeé dá yanjú. Àwọn onílé àdúgbò tó ń ṣèpàdé lórí owó ọdẹ lè fi èyí kún un: ibi tí gbogbo ẹ̀rọ yóò máa wà nínú ọgbà, àgò onírin àti ṣéènì tí wọn yóò fi tì í, àti aago tí gbogbo rẹ̀ yóò kú lálẹ́ kí oorun tó gbé ẹnikẹ́ni lọ. Fáànù àti àtùpà tó ń gba iná pamọ́ tó fún ìyókù òru. Ibi tí kò bá sí àyè tó jìnnà tó, kò yẹ kí wọ́n tan jẹnẹrétọ̀ níbẹ̀ rárá.

Ó ku àwọn iná kéékèèké. Ní ọdún 2003, àwọn olùṣèwádìí tó yẹ kọ́ìlì ẹ̀fọn láti China àti Malaysia wò tẹ̀ ẹ́ jáde pé eruku tín-ín-rín tí kọ́ìlì kan ń tú jáde kí ó tó jó tán tó ti sìgá 75 sí 137. Òbí tí kò ní gbà kí ẹnikẹ́ni mu sìgá lójú ọmọ òun ń tan èyí sídìí ibùsùn ọmọ náà láì fura. Ẹ ó ní ẹ̀fọn ń kọ́, ṣé kí ibà wá pa ọmọ ni? Rárá o. Àwọ̀n ẹ̀fọn ń dá ẹ̀fọn dúró láì jó ohunkóhun, nẹ́ẹ̀tì ojú fèrèsé sì ń jẹ́ kí á lè ṣí fèrèsé sílẹ̀. Àwọn tó ń fọ́n ọ̀tápíápíá sínú yàrá tilẹ̀ ń ṣe ohun tó burú jù bẹ́ẹ̀. Dichlorvos tó máa ń wà nínú rẹ̀ kì í ṣe ohun tó yẹ kí ènìyàn sùn tì. Ní ọdún 2019 ni NAFDAC, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Nàìjíríà, pàṣẹ pé kí wọ́n dẹ́kun títa ìgò kékeré rẹ̀ ní súpámákẹ́ẹ̀tì. Lọ́fínńdà ilé kì í pa ẹ̀fọn, bẹ́ẹ̀ ni kì í yọ ìdọ̀tí kankan kúrò nínú afẹ́fẹ́. Èyí tó ń ta sánsán bí ọsàn wẹ́wẹ́ nínú wọn lè bá afẹ́fẹ́ ozone tó ń wọlé láti ìta pàdé, kí wọ́n jọ di formaldehyde, ohun tó ń fa jẹjẹrẹ. Àwọn tó ń ta òdòdó inú ìkòkò náà máa ń sọ pé ewé rẹ̀ ń fọ afẹ́fẹ́ mọ́. Nígbà tí àwọn olùṣèwádìí ní Amẹ́ríkà kó ìwádìí méjìlá jọ ní ọdún 2019, wọ́n rí i pé yóò gba òdòdó 10 sí 1,000 lórí mítà kan níbùú lóròó kí ó tó ṣe iṣẹ́ tí afẹ́fẹ́ ìta ń ṣe. Ẹ gbin òdòdó nítorí ẹwà rẹ̀.

Ohun tí kì í jó náà wà tó ń ba afẹ́fẹ́ jẹ́. Nígbà òjò, aṣọ tútù tí a sá sínú yàrá àti páànù tó ń jò máa ń mú kí ògiri hu èbu, èbu sì ń da ikọ́ fée sílẹ̀. Ọ̀dà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fi bò ó. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ tàbí ẹ̀gbọ́n ní Bìrìtìkó yóò ti gbọ́ nípa ọmọ ọdún méjì kan, Awaab Ishak, tó kú ní Rochdale ní oṣù Kejìlá ọdún 2020. Ní ọdún 2022, adájọ́ tó ń wádìí ikú sọ pé èbu inú ilé tí wọ́n ń gbé ló fa ikú rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ti fi ẹjọ́ èbu náà sun àwọn tó ni ilé, ohun tí wọ́n sì sọ fún un ni pé kí ó kun ún lọ́dà. Òfin tó ń jẹ́ orúkọ ọmọ náà wà níbẹ̀ báyìí, ó ń fi ipá mú àwọn tó ń fi ilé ìrànwọ́ háyà láti wádìí èbu, kí wọ́n sì tún un ṣe láàárín àkókò tí òfin dá. Àwọn ìyá wa mọ̀ pé yíyọ ìdọ̀tí kúrò dára ju bíbò ó lọ, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wọ́n omi sílẹ̀ kí wọ́n tó gbálẹ̀, kí eruku lè bá ìgbálẹ̀ jáde dípò kí ó fò sókè. Aṣọ tútù tí a fi nu ilẹ̀ lásìkò ọyẹ́ ń ṣe iṣẹ́ kan náà.

Lẹ́yìn gbogbo èyí, ẹ ṣí fèrèsé, kí ẹ sì ṣí èyí tó dojú kọ ọ́ pẹ̀lú, kí afẹ́fẹ́ lè wọ ibì kan jáde níbì kejì. Lálẹ́ òní, mo bẹ̀ yín, ẹ ka iná ilé yín. Ẹ pa èyí tí ẹ lè pa, ẹ gbé èyí tí ẹ lè gbé síta, jẹnẹrétọ̀ ni kí ẹ sì kọ́kọ́ gbé kúrò lábẹ́ fèrèsé, kí àwọn ọmọ tó sùn.